Àdá, Ẹ̀rọ Elépo, àti Ẹ̀rọ tí ń Dá Koríko Gé

Nígbà tí ìsinmi gígùn bá parí ní oṣù kẹsàn-án, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì padà sí ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, ohun kan wà tí ó ti máa ń gba ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó dé. Ohun náà ni koríko. Òjò tí ó ti ń rọ̀ láti oṣù kẹta ti fún un ní omi mu. Oòrùn ti ràn sí i lára. Kò sì sí ẹsẹ̀ ọmọ kan tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ti ilẹ̀kùn kíláàsì. Èkan ti ga dé orúnkún, gbági ti dí ojú ọ̀nà, eéran sì ti bo pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àdá ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìwé wọn. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lè kọjá kí ohùn olùkọ́ tó borí ohùn àdá nínú ọgbà náà.

Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ilé ìwòsàn, ilé ẹjọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, pápá ìṣeré àti ọgbà àwọn ènìyàn ńlá, gbogbo wọn ni koríko ń yọ lẹ́nu. A kò sì lè fi í sílẹ̀ kí ó máa dàgbà bí ó ti wù ú. Inú koríko gíga ni paramọ́lẹ̀ àti ṣèbé ń sá pamọ́ sí. Inú rẹ̀ ni eku ń bímọ sí. Ilé tí koríko bá sì yí ká, bí ó ti wù kí ó dára tó, ojú ahoro ni àlejò yóò fi wò ó. Kò sí iyàn jíjà, nígbà náà, lórí pé kí a gé koríko. Ohun tí ó yẹ kí a rò ni irinṣẹ́ tí a ó fi gé e. Mẹ́ta ni irinṣẹ́ náà lónìí: àdá, ẹ̀rọ elépo, àti ẹ̀rọ tí ń dá koríko gé láìsí ẹni tí ń tì í, èyí tí a ń pè ní rọ́bọ́ọ̀tì agékoríko. Bí a bá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé orí ìwọ̀n, a ó rí i pé ẹ̀kẹta ni ó dára jù lọ fún pápá tí ó tẹ́jú tí ọgbà sì yí ká, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe kí ó tó lè wúlò.

Orí àdá ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni àgbà. Iṣẹ́ tí ó ti ṣe ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò ṣe é fẹnu sọ tán. Òun ni àwọn baba ńlá fi ṣán igbó kí wọ́n tó dá oko. Òun ni wọ́n fi la ọ̀nà tí ó lọ sí ọjà. Kò mu epo, kò béèrè iná mànàmáná, alágbẹ̀dẹ àdúgbò sì lè tún un ṣe bí ẹnu rẹ̀ bá kú. Níbi tí èésún tàbí igi kékeré bá ti hù, kò sí irinṣẹ́ tí ó lè gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ oko kò fi gbogbo ara yẹ pápá. Ẹni tí ń fi àdá gé koríko ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ nínú oòrùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ a máa ro ó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ a sì máa bó. Bí àwọn ọmọ púpọ̀ bá tò lẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n ń ṣán koríko, àdá ọ̀kan lè yọ̀ lọ bá ẹsẹ̀ ẹnìkejì. Ejò tí ó sùn sí ìdí koríko kò sì mọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, ojú ilẹ̀ kì í dọ́gba: ibì kan á pá bí orí àgbàlagbà, ibòmíràn á sì ta sókè bí irun ọmọ tí a kò fá tán.

Èyí tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni àkókò tí ó ń gbà. Ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, koríko gígé ni wọ́n fi ń jẹ akẹ́kọ̀ọ́ níyà. Ọmọ tí ó bá pẹ́ dé yóò gba àdá nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ìṣirò. Báyìí ni ẹni tí ó pàdánù ìṣẹ́jú mẹ́wàá nítorí pé ó pẹ́ yóò ṣe tún pàdánù wákàtí kan nítorí ìyà. Bí èyí bá sì ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ ọwọ́ sí ohun tí a fi ń jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ níyà, yóò sì kórìíra rẹ̀ títí yóò fi dàgbà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dòjé ńlá tí igi rẹ̀ gùn àti ẹnu àgùntàn ni wọ́n fi ń mú koríko kúrú kí ẹ̀rọ tó dé. Edwin Budding, ará ìlú Stroud ní agbègbè Gloucestershire, ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ agékoríko, ní ọdún 1830. Ibi tí ó ti rí ọgbọ́n náà yẹ kí ó dùn mọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú nínú, nítorí pé ìlú tirẹ̀ náà lókìkí nípa híhun aṣọ olónà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ onírun àgùntàn pọ̀ ní agbègbè Stroud nígbà náà. Bí wọ́n bá hun aṣọ tán, wọn a fi ẹ̀rọ kan tí abẹ rẹ̀ ń yí po fá irun tí ó ta sókè lójú aṣọ, kí ojú rẹ̀ lè dán. Budding rí i pé abẹ tí ó lè fá ojú aṣọ lè fá ojú ilẹ̀ pẹ̀lú. Ó to irú abẹ bẹ́ẹ̀ sí ara ẹ̀rọ onírin kan tí ó ní ẹsẹ̀ tí ń yí, ó sì tì í lórí koríko. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ náà ni wọ́n lò ní ọgbà ẹranko tí ó wà ní Regent's Park ní London. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe èyí tí ẹṣin ń fà. Nígbà tí ó sì di ọdún 1902, ilé iṣẹ́ Ransomes ní ìlú Ipswich bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí ó ní ẹ́ńjìnì tí ń mu epo pẹtiróòlù.

Ẹ̀rọ elépo yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lónìí. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà: èyí tí a ń tì lórí táyà, àti èyí tí a ń gbé kọ́ èjìká tí orí rẹ̀ ń yí ràn-ìn nísàlẹ̀. A kò gbọdọ̀ ṣe aláìmoore sí i. Ohun tí ogún ọmọ yóò fi àdá ṣe ní ọ̀sán gbogbo, ẹ̀rọ kan lè ṣe é kí oòrùn tó mú. Síbẹ̀, ó ní ẹ̀bi mẹ́rin.

Èkíní ni ariwo. Àwọn onímọ̀ ń fi òṣùwọ̀n kan tí a ń pè ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì wọn ariwo. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá ń gbọ́ ariwo tí ó ju 85 lọ fún wákàtí mẹ́jọ lójoojúmọ́ ń fi etí ara rẹ̀ wewu. Ẹ̀rọ elépo sì máa ń pa ariwo tí ó tó nǹkan bí 90. Ẹni tí ó fi gígé koríko ṣe iṣẹ́ oòjọ́, tí kò fi nǹkan dí etí, lè di ẹni tí a ń pariwo pè kí ó tó gbọ́. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà kò sì ní gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí.

Èkejì ni èéfín. Ẹ́ńjìnì kékeré kì í jo epo rẹ̀ tán dáadáa, nítorí náà èéfín rẹ̀ burú ju bí ó ti kéré lọ. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó afẹ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé bí a bá fi ẹ̀rọ agékoríko elépo ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, èéfín tí yóò fi ba afẹ́fẹ́ jẹ́ tó èyí tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun yóò tú sílẹ̀ nínú ìrìn nǹkan bí kìlómítà 480. Èyí ju kí ènìyàn ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èkó kí ó sì padà, kí ó tún lọ kí ó tún padà. Nítorí èyí ni ìpínlẹ̀ náà ṣe ṣe òfin ní ọdún 2021 tí ó fi òpin sí títa irú ẹ́ńjìnì kékeré bẹ́ẹ̀ tí a bá ṣe ní tuntun láti ọdún 2024. Ní California, èéfín yìí ń dà pọ̀ mọ́ ti ọkọ̀ ẹgbàágbèje ènìyàn. Ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́, imú ẹni tí ń ti ẹ̀rọ náà ni ó kọ́kọ́ ń wọ̀.

Ẹ̀kẹta ni òkò. Abẹ ẹ̀rọ elépo a máa yí nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá bá òkúta pàdé nínú koríko, yóò ta á jáde bí ìgbà tí a bá fi kànnàkànnà ta á. Òkúta bẹ́ẹ̀ lè fọ́ gíláàsì fèrèsé. Ó sì lè fọ́ ojú ènìyàn, èyí tí kò ṣe é rà lọ́jà.

Ẹ̀kẹrin ni owó epo. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé owó ìrànwọ́ tí ó ń san lórí epo ti dópin. Láàrin àkókò díẹ̀, iye tí wọ́n ń ta lítà kan kúrò ní nǹkan bí náírà 190, ó sì kọjá náírà 500. Láti ìgbà náà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní ẹ̀rọ elépo kan ní láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó ní kí wọ́n tan án. Bí owó epo kò bá sì sí, àdá àwọn ọmọ ni yóò tún jáde.

Àwọn ẹ̀bi wọ̀nyí ni wọ́n mú kí àwọn ènìyàn wá ẹ̀rọ mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà “rọ́bọ́ọ̀tì” wá láti inú èdè àwọn ará Czech, níbi tí “robota” ti túmọ̀ sí iṣẹ́ àfipáṣe, bí irú èyí tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó rẹ̀. Òǹkọ̀wé kan tí a ń pè ní Karel Čapek ni ó fi ọ̀rọ̀ náà han aráyé nínú eré tí ó kọ ní ọdún 1920. Lẹ́yìn náà ni a wá ń fi í pe ẹ̀rọ tí ó lè dá iṣẹ́ ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ. Ní ọdún 1969, wọ́n gbé ẹ̀rọ agékoríko kan tí ń dá ṣiṣẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà, MowBot ni orúkọ rẹ̀, dọ́là 795 sì ni wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n ọdún 1995 ni ọ̀nà náà tó là dáadáa, nígbà tí ilé iṣẹ́ Husqvarna ti ilẹ̀ Sweden ṣe èyí tí agbára oòrùn nìkan ń gbé ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1689 nípa rírọ ìbọn fún ọba ilẹ̀ náà ni Husqvarna. Ó tún ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣe èyí tí ó ní bátìrì nínú, tí ó sì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ bí bátìrì náà bá ń tán lọ.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Ó rẹlẹ̀ bí ahun, ó ní táyà, bátìrì àti kọ̀ǹpútà kékeré kan nínú. Abẹ́ ikùn rẹ̀ ni àwo kan wà tí ń yí, lára àwo náà ni wọ́n sì so abẹ kéékèèké mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ ìfárí. Bí abẹ náà bá kan òkúta, yóò ká sẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ náà bá kọlu igi tàbí àga, yóò fà sẹ́yìn, yóò sì gba ibòmíràn lọ. Bí ènìyàn bá gbé e sókè, abẹ rẹ̀ yóò dúró. Bí agbára bátìrì rẹ̀ bá ń rẹlẹ̀, yóò padà sí àgọ́ rẹ̀, yóò sinmi níbẹ̀ títí iná yóò fi kún inú rẹ̀, yóò sì tún jáde lọ síbi iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

Ṣùgbọ́n báwo ni ó ṣe mọ ibi tí pápá pin sí, tí kò fi ní rìn wọ inú oko gbàgùdá aládùúgbò? Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Àwọn ará Ìjẹ̀bú mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ yàrà yí ilẹ̀ wọn ká, èyí tí a ń pè ní Erédò Súngbọ́. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 160. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé òkè ògiri erùpẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 20. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ mọ̀ pé òun ti dé ààlà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni Erédò ti ẹ̀rọ yìí. Ẹni tí ó ni ín yóò ri wáyà náà mọ́ ilẹ̀ díẹ̀ yí pápá ká. Iná tí kò lágbára yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ̀rọ bá sì súnmọ́ ọn, yóò gbọ́ ìró iná náà bí ènìyàn ti ń gbọ́ rédíò, yóò sì yí padà. Àwọn tuntun inú wọn kò tilẹ̀ nílò wáyà mọ́. Kámẹ́rà ni wọ́n fi ń ríran, tàbí kí wọ́n máa gba ìró láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tí ń yí ayé po, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n dúró sí.

Ibi tí ẹ̀rọ yìí fi dára ju àwọn yòókù lọ kì í ṣe pé ó yára. Ní tòótọ́, ó lọ́ra. Dídára rẹ̀ ni pé ó ń gé díẹ̀ lójoojúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àdá àti ẹ̀rọ elépo a máa dúró kí koríko di igbó kí wọ́n tó dé, wọn a sì fá a kanlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn tí ó mọ̀ nípa koríko sì ti kọ́ni pé kò yẹ kí a gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ewé rẹ̀ ni ó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti ṣe oúnjẹ. Bí a bá gé ewé náà tán, ebi yóò pa gbòǹgbò. Ilẹ̀ yóò pá. Ọ̀gbàrá yóò gbé erùpẹ̀ lọ. Koríko búburú yóò sì hù níbi tí èyí tí ó dára ti kú. Ṣùgbọ́n rọ́bọ́ọ̀tì ń bọ́ orí ewé nìkan. Ohun tí ó ń gé kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í gbá a jọ. Yóò bọ́ sáàrin koríko, yóò jẹrà, yóò sì di ajílẹ̀ fún ilẹ̀ tí ó ti hù jáde. Koríko náà yóò máa fi ara rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀.

Àwọn ẹ̀bi mẹ́rin tí ẹ̀rọ elépo ní kò sì pọ̀ lára rẹ̀. Ariwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 60 lọ lórí òṣùwọ̀n, èyí tí ó dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀. Ó lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ fèrèsé ilé ìwòsàn láìjí aláìsàn. Kì í tú èéfín sílẹ̀ nínú ọgbà. Abẹ rẹ̀ kéré, ó sì wà ní ìbòrí, nítorí náà kì í ta òkúta bí ti elépo. Iná tí àwọn kékeré inú wọn ń lò kò ju ti fáànù kan lọ, pátákó tí ń gba agbára oòrùn sì lè fún wọn, bí iná ìjọba bá tilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí oòrùn ti ń ràn tó báyìí kò yẹ kí ó máa ra epo kí ó tó lè gé koríko.

Bí ó ti dára tó yìí, àwọn kan yóò ta kò ó, ọ̀rọ̀ wọn kò sì yẹ ní fífọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Èkíní ni ti àwọn tí ń jẹun nínú gígé koríko. Baálé ilé kan wà tí ó jẹ́ pé èjìká tí ó fi gbé ẹ̀rọ ni ó fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Bí rọ́bọ́ọ̀tì bá dé, kí ni òun yóò ṣe? A kò lè sọ pé kò sí ẹni tí yóò pàdánù, nítorí pé ẹnì kan lè bójú tó ẹ̀rọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò lè ṣe ohun gbogbo. Kò lè gé etí ògiri àti ẹ̀bá gọ́tà. Kò lè pààrọ̀ abẹ ara rẹ̀. Kò lè nu ẹrẹ̀ kúrò lára táyà rẹ̀. Kò sì lè ri wáyà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ pápá náà láti ọdún pípẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́ ní iṣẹ́ wọ̀nyí, kí etí rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ lè sinmi, kí owó rẹ̀ má sì dín. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ra ẹ̀rọ tí ó sì lé òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ ti fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ilé, ó sì ti fi ọwọ́ òsì wó o.

Èkejì ni ti àwọn tí ó ní àdá ń kọ́ ọmọ ní ìfaradà, pé bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ yóò di ọ̀lẹ. Ó yẹ kí a ronú kan Tai Solarin níhìn-ín, ẹni tí òun àti aya rẹ̀ Sheila dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956. Ilé ẹ̀kọ́ náà lókìkí nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó sọ ilé ẹ̀kọ́ náà di olókìkí ni iṣẹ́ tí ó ní èso: wọ́n dá oko, wọ́n sì jẹ nínú ohun tí wọ́n gbìn. Koríko tí a gé lónìí tí yóò tún ga lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ kò ní irú èso bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí rọ́bọ́ọ̀tì gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápá lè mú àdá kan náà lọ sí oko ilé ẹ̀kọ́, níbi tí ilá àti ẹ̀gẹ́ yóò ti san án padà fún un. Ó sì tún lè kọ́ bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ náà ṣe, èyí tí yóò di iṣẹ́ fún un lọ́la.

Ẹ̀kẹta ni ti owó àti ti ilẹ̀. Ẹ̀rọ náà wọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọgọ́rùn-ún mélòó kan pọ́ùn ni wọ́n ń ta kékeré, ńlá sì ń gba ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Olè lè gbé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní nọ́ńbà àṣírí tí kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó, wọ́n sì ń ké bí wọ́n bá gbé wọn kúrò níbi iṣẹ́. Pápá púpọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kún fún òkúta, kùkùté àti òkìtì ìkán; irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò pa ẹ̀rọ náà láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Kò sì lè gé èkan tí ó ti ga dé orúnkún, nítorí pé kò sí nínú ẹ̀dá rẹ̀ láti ṣán igbó. Àwọn ìdí wọ̀nyí kò fi hàn pé kí a kọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé a gbọdọ̀ pèsè ilẹ̀ kí a tó pè é. Àdá ni yóò kọ́kọ́ ṣán igbó náà. Ọkọ́ ni yóò hú kùkùté. Ènìyàn ni yóò ṣa òkúta, tí yóò sì ṣe ọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má bàa wọ̀ ọ́. Àgbà ni yóò la ọ̀nà kí ọmọdé tó gbà á kọjá.

Ọ̀ràn kan ṣẹ́ kù, ti àwọn tí kò lè fẹnu sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹranko kékeré kan wà tí ẹ̀gún bo ara rẹ̀ bí ti òòrẹ̀, tí ó máa ń jẹ̀ lóru. Bí ẹ̀rù bá bà á, kì í sá. Ńṣe ni yóò ká jọ róbótó. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Denmark yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì sọ ọ́ di mímọ̀ ní ọdún 2021 pé àwọn kan nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń ṣe é léṣe. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí rọ́bọ́ọ̀tì ṣiṣẹ́ lóru. Ìmọ̀ràn náà bá Ìjẹ̀bú-Òde mu, nítorí òru ni ìgbín àti ọ̀pọ̀lọ́ ń jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kò yẹ kí a jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ kéékèèké bá ń ṣeré lórí koríko láìwọ bàtà. Abẹ ni abẹ ń jẹ́, bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Láti inú gbogbo èyí, ìdájọ́ kò ṣòro. Àdá ni fún igbó àti oko. Ẹ̀rọ elépo lè ṣì wúlò fún ìgbà díẹ̀ níbi tí koríko bá ti ga jù tí ilẹ̀ sì gbòòrò jù. Ṣùgbọ́n fún pápá ilé ẹ̀kọ́, ọgbà ilé ìwòsàn àti iwájú ilé tí ó tẹ́jú, ẹ̀rọ tí ń dá koríko gé ni ó yẹ, nítorí pé ó dá ara ènìyàn, etí rẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá lè ra púpọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan fún apá pápá kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti jáde níbẹ̀, tí àwọn náà ti fi àdá gé koríko níjọ́sí, lè dá owó jọ fún un. Nígbà náà, bí oṣù kẹsàn-án bá dé tí àwọn ọmọ sì padà láti ìsinmi, wọn yóò bá koríko tí kò ga ju ìka lọ, wọn yóò sì wọ kíláàsì ní ọjọ́ kìíní gan-an, pẹ̀lú ìwé wọn.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí a jẹ́ kí koríko ga yí ilé ká?
2. Níbo ni Edwin Budding ti rí ọgbọ́n tí ó fi ṣe ẹ̀rọ agékoríko?
3. Dárúkọ ẹ̀bi mẹ́rin tí ẹ̀rọ elépo ní, kí o sì ṣàlàyé èyí tí o rò pé ó burú jù.
4. Báwo ni Erédò Súngbọ́ àti wáyà rọ́bọ́ọ̀tì ṣe jọra? Báwo ni wọ́n ṣe yàtọ̀?
5. Kí ni ìdí tí gígé koríko díẹ̀díẹ̀ fi dára ju fífá a kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ?
6. Kọ àròkọ kan nínú èyí tí ìwọ yóò ti gbèjà òṣìṣẹ́ tí ń gé koríko ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Sọ ohun tí ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ ṣe fún un bí wọ́n bá ra rọ́bọ́ọ̀tì.